Sí Olóòtú: Ẹ Bá Wa Kọ Ìwúwo Alùpùpù Ńlá Sílẹ̀ Pẹ̀lú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn alùpùpù ńlá onírìn-àjò nínú ìwé ìròyìn yín, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni èèyàn ń rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kà ní èdè Yorùbá tó já gaara. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ mọ bí a ti ń ṣàpèjúwe ohun ẹlẹ́wà: ó sọ bí irin ara wọn ti ń dán tí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sọ bí ohùn wọn ti ń dún bí ìlù gbẹ̀du, ó sì to títóbi ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, n kò rí ibi kan ṣoṣo tí ó ti sọ iye tí ọ̀kankan nínú wọn wọ̀n. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ń ṣàpèjúwe erin fún ẹni tí kò rí i rí, tó sọ̀rọ̀ eyín erin títí, tó sọ ti ọwọ́jà rẹ̀, tí kò wá mẹ́nu ba bí ó ti tóbi tó. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tí kò gùn ún rí ló ń wí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gun alùpùpù kéékèèké kí n tó ra ńlá, ó sì ti di ọdún méje báyìí tí mo ti wà lórí ńlá náà. Mo rò pé mo ti mọ alùpùpù í gùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mo tún padà dà, àti pé ohun tí mo ní láti kọ́ kò sí nínú ohunkóhun tí ẹni tó tà á fún mi sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé títóbi ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni èmi náà ń béèrè.

Títóbi ẹ́ńjìnnì kì í sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, BMW ti Jámánì. Alùpùpù eléré wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ S 1000 RR ní ẹ́ńjìnnì 999 cc (cc ni a fi ń wọn títóbi inú ẹ́ńjìnnì), agbára rẹ̀ lé ní 200 agbára ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ìwúwo èyí tí wọ́n ń ṣe láti 2019 kò tó 200 kìlógíráàmù. R 18 Transcontinental wọn, tó jáde ní 2021, ní ẹ́ńjìnnì 1802 cc, agbára rẹ̀ jẹ́ 91 agbára ẹṣin péré, ó sì wọ̀n tó 427 kìlógíráàmù. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, agbára tí kò tó ìdajì, ìwúwo tó ju ìlọ́po méjì lọ. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Torí kí ó lè máa fa èèyàn méjì àti ẹrù wọn lọ láìjanpata ni wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn. Agbára fífà rẹ̀ ti pé láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń rọra yí, kò dúró dìgbà tí yóò máa ké bí agbo oyin. Nítorí náà, ẹni tó bá rí 1802 cc nínú ìwé ìròyìn tó sì rò pé eré ni òun ń rà, ohun mìíràn ni yóò gbé délé.

Ìwúwo yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí Harley-Davidson gbé Electra Glide jáde ní 1965, ohun tó jẹ́ tuntun lára rẹ̀ ni pé bọ́tìnì ni wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì náà, ẹni tó gùn ún kò ní láti máa fi ẹsẹ̀ ta á kí ó tó jí mọ́. Gold Wing tí Honda gbé jáde ní 1975 wá pẹ̀lú ìhòòhò ara rẹ̀: sílíńdà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 999 cc, kò sí ìbòjú afẹ́fẹ́, kò sí àpótí ẹrù. Àwọn tó rà á ni wọ́n ń wá ìwọ̀nyí kiri tí wọ́n ń dè é mọ́ ọn, títí Honda fi rí i pé ibi tí ọkàn oníbàárà wà nìyẹn, tí wọ́n sì ṣe Gold Wing Interstate ní 1980 pẹ̀lú ohun gbogbo lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ló ń wúwo sí i. Nígbà tó fi di Gold Wing ti 1988, tó ní sílíńdà mẹ́fà àti ẹ́ńjìnnì 1520 cc, wọ́n fi ohun tí a fi ń rìn sẹ́yìn sí i, tí mọ́tò tó ń tan ẹ́ńjìnnì ń fún lágbára. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí èyí, nítorí pé àwọn tó ṣe maṣíìnì náà fúnra wọn ló jẹ́wọ́ fún wa níbẹ̀, láìsọ ọ́ lẹ́nu, pé ó ti wúwo kọjá ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn lè máa tì sẹ́yìn. Lónìí, yálà Gold Wing 1833 cc ni o, yálà Harley-Davidson onírìn-àjò ni o, yálà Roadmaster ti ilé iṣẹ́ Indian ní Amẹ́ríkà tàbí R 18 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín 360 sí 430 kìlógíráàmù nígbà tí epo bá kún inú wọn.

Olóòtú, iye yẹn kì í ṣe ìṣòro rárá nígbà tí táyà bá ti ń yí. Láti ìgbà tí alùpùpù bá ti kúrò ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ni ó ti ń gbé ara rẹ̀ ró, èèyàn a sì gbàgbé pé òun gun ohun tó wúwo. Kódà ìwúwo náà a máa ṣe ni lóore, nítorí pé atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ kì í tètè tì í, ọ̀nà gbágungbàgun kì í sì í gbọ̀n ọ́n bí ó ti ń gbọn kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun maṣíìnì eléré máa ń pè é ní àga ìrọ̀gbọ̀kú, wọn ò sì parọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Nígbà tí maṣíìnì bá fẹ́ dúró, nígbà tó bá ń gbéra, nígbà tó bá ń yà wọ inú ọgbà, nígbà tí èèyàn bá fẹ́ yí i padà lójú ọ̀nà tóóró, ìgbà náà ni gbogbo kìlógíráàmù yẹn máa ń padà dé, tí yóò bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹta tí mo ra tèmi ni mo mọ èyí. Mo dé oríta kan, ilẹ̀ ibẹ̀ dà díẹ̀ sí apá òsì, mo ti yí ọwọ́ maṣíìnì sí òsì nítorí ibẹ̀ ni mò ń lọ, bí mo sì ti rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fi ọwọ́ ọ̀tún fún bíréèkì iwájú mọ́ ọwọ́ gírígírí, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe lórí kékeré. Maṣíìnì dúró lójijì, iwájú rẹ̀ wó sí apá ibi tí mo yí i sí, mo na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ba òkúta wẹ́wẹ́. Kò sí eré, kò sí ariwo. Ńṣe ló rọra dùbúlẹ̀ bí màlúù tó fẹ́ jẹ àpọ̀jẹ, tí mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀, tí n kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Irin ìdáàbòbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àwọn méjì tó ń kọjá lọ ni wọ́n bá mi gbé e, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú àánú lójú, bóyá èmi ni mo ni ín.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, n kò sì tí ì rí ẹni tí tirẹ̀ kò dùbúlẹ̀ báyìí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kì í tètè jẹ́wọ́. Ohun tó sábà máa ń fà á kò pọ̀: bíréèkì iwájú nígbà tí ọwọ́ maṣíìnì kò tọ́, ilẹ̀ tó dà tàbí tó ní yanrìn níbi tí ẹsẹ̀ fẹ́ balẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì tó kú lójijì nítorí pé a tú kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí ọwọ́ òsì ń fún láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà) sílẹ̀ jù. Bí maṣíìnì bá tẹ̀ díẹ̀, itan lè gbé e padà. Bó bá ti kọjá ibì kan, kò sí alágbára tó lè dá a dúró, ẹni tó bá sì fi agídí rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ tán, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó rí i pé ó wà nínú jíà kí ó má bàa yí lọ, bí apá ọ̀tún ló bá dùbúlẹ̀ sí, a ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ tó wà ní òsì jáde kí ó má bàa ré kọjá sí òdì kejì nígbà tó bá dìde. Lẹ́yìn náà ni a ó yí ọwọ́ rẹ̀ pátápátá sí apá tó dùbúlẹ̀ sí, a ó kọ ẹ̀yìn sí i, a ó ti ìdí mọ́ àga rẹ̀, a ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ maṣíìnì mú, kí a fi èkejì di irin tó le mú nísàlẹ̀ àga, a ó sì máa fi ìṣísẹ̀ kéékèèké rìn sẹ́yìn, kí itan ṣe iṣẹ́ náà, kí ọ̀pá ẹ̀yìn má dá sí i. Mo ti rí obìnrin tí kò ga, tí kò sì sanra, tó gbé maṣíìnì tó lé ní 350 kìlógíráàmù dìde báyìí ní òun nìkan.

Ohun tó sàn ju gbígbé lọ ni kí ó má ṣubú, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín náwó lé lórí kí wọ́n tó náwó lé irin dídán. Ìgùn jẹ́jẹ́ ni orúkọ tí mo fún un. Kílọ́ọ̀ṣì ni olórí rẹ̀. Láàárín ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àti ibi tó ti mú tán, àyè kékeré kan wà tí agbára ẹ́ńjìnnì ti ń dé táyà ní ìwọ̀nba. Ẹni tó bá mọ àyè náà bí ó ti mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè máa fi maṣíìnì 400 kìlógíráàmù rìn bí ẹni tó ń fi okùn fa ewúrẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún a máa fún un ní iná díẹ̀ tí kì í yẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún a máa tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí maṣíìnì lè dúró ṣinṣin, bíréèkì iwájú kò sì ní í sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ojú ńkọ́? Ojú a máa wo ibi tí a ń lọ, kì í wo ilẹ̀. Ẹni tó bá wo ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò bá ara rẹ̀, mo sì lè búra sí èyí. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé kílọ́ọ̀ṣì yóò jóná; inú ọ́ìlì ni abala kílọ́ọ̀ṣì púpọ̀ nínú àwọn maṣíìnì wọ̀nyí wà, kì í sì í bàjẹ́ nítorí ìdánrawò ìṣẹ́jú mélòó kan, bí a bá ti fún un láyè láti tutù. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á wá pápá gbalasa tó tẹ́jú, kí ó to ohun rírọ̀ kéékèèké sílẹ̀, kí ó máa yí po láàárín wọn, sí òsì, sí ọ̀tún, kí ó dúró, kí ó tún gbéra, títí yóò fi sú u, kí ó sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Bí eré bá ti wọ̀ ọ́, ohun mìíràn ni. Púpọ̀ nínú wa ló ń ṣe é láìmọ̀ pé a ń ṣe é: bí a bá fẹ́ yà sí òsì lórí eré, ọwọ́ maṣíìnì ti apá òsì ni a ń tì síwájú díẹ̀, tí maṣíìnì yóò sì tẹ̀ sí òsì fúnra rẹ̀. Lórí kékeré, ara lè bo àìmọ̀kan yìí mọ́lẹ̀. Lórí ńlá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé maṣíìnì kọ̀ láti yà, yóò sì bá ara rẹ̀ ní apá tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ó tún mọ̀ pé àwọn pátákó tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé súnmọ́ ilẹ̀ gan-an. Wọ́n á ti máa ha ilẹ̀ nígbà tí maṣíìnì eléré kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí náà kí a dín eré kù kí a tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ní ti bíréèkì, ẹni tó ti ibi maṣíìnì eléré wá sábà máa ń kóyán bíréèkì ẹ̀yìn kéré. Maṣíìnì tó gùn tó sì rẹlẹ̀ bí eléyìí a máa gbé ìwúwo púpọ̀ lé táyà ẹ̀yìn, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti iwájú ló ṣì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi ìwúwo èèyàn méjì àti ẹrù wọn kún un, kí ẹ wo bí àlàfo tí a fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ iwájú ti yẹ kó gùn tó.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn nípa ẹ̀kọ́, kí ó wo ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé jáde ní 1981, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí ojú ibi tí nǹkan bí 900 ìjàǹbá alùpùpù ti ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles àti agbègbè rẹ̀. Nínú àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò gba ẹ̀kọ́ kankan lọ́dọ̀ olùkọ́. Fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ tàbí kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Èyí tó kàn mí jù níbẹ̀ ni pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kò tí ì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí ìjàǹbá náà bá wọn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń gun alùpùpù lójú títì fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ni pé mímọ alùpùpù í gùn yàtọ̀ sí mímọ alùpùpù yìí í gùn. Ìwádìí náà ti pẹ́, àwọn bíréèkì sì ti dára sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n oríta ọjọ́ kẹta mi kò mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Òfin pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ìwúwo. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti 2013, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ A2, èyí tó wà fún alùpùpù alágbára ìwọ̀nba, kò gbọ́dọ̀ gun alùpùpù tí agbára rẹ̀ ju 35 kìlówáàtì lọ, a sì tún máa ń pín agbára yìí sí ìwúwo maṣíìnì kí ó má bàa pọ̀ ju 0.2 kìlówáàtì lọ fún kìlógíráàmù kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó: nínú ìṣirò yẹn, bí maṣíìnì bá ṣe wúwo tó ni ó ṣe ń rọrùn fún un tó láti kọjá. Ète òfin náà dára, mo sì gbà pé eré ló ń pa ni jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá ẹni tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan ní oríta ṣírò.

Ọ̀rọ̀ rírà wá ńkọ́? Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ jókòó lé e lórí, kí ó gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Àga irú maṣíìnì yìí kì í sábà ga ju 75 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n àga tó fẹ̀ a máa la itan sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ tó gùn tó a wá dà bí èyí tí kò gùn tó. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó tì í sẹ́yìn ní mítà márùn-ún, láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Bí òǹtajà bá sáré wá ràn án lọ́wọ́, kí ó dúpẹ́, kí ó sì ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé òǹtajà kò ní í bá a lọ sílé.

Ìbéèrè kejì ni iye ẹrù tí ó lè gbà. A máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹni kan nínú mẹ́wàá ló ń kà á. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn maṣíìnì yìí, ó wà ní nǹkan bí 200 kìlógíráàmù, tí a ti ka ẹni tó gùn ún àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó wọ̀n ní 95 tó gbé ẹni tó wọ̀n ní 75 sẹ́yìn, 30 péré ló kù wọn fún àpótí mẹ́ta, aṣọ òjò, irinṣẹ́, àti gbogbo irin dídán tí wọ́n tún rà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn láti dè mọ́ ọn. Àpótí ńlá kò sọ pé kí a kún un dẹ́nu o. Bí ẹrù bá pọ̀, kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, kí ó súnmọ́ àárín, kí a sì fi kún afẹ́fẹ́ táyà àti agbára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bí ìwé rẹ̀ bá ti wí.

Bí àlòkù ni yóò bá rà, kí ó má ṣe jẹ́ kí irin dídán fọ́ ọ lójú. Àlòkù ni tèmi, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò bẹ̀rẹ̀ wo táyà rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì fi ọwọ́ tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà náà fún mi, tí méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, tí méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún: táyà tó dà bí ọ̀tun náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, rọ́bà rẹ̀ sì ti le bí igi. Òǹtajà kò parọ́ fún mi. N kò bi í ni. Maṣíìnì tó máa ń wà nínú ilé tí a kì í gùn púpọ̀ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, èyí tí gbogbo ayé ń yìn pé kò tí ì rìn jìnnà. Kí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án, kí ó rí i pé ó tutù, nítorí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ dè é lè máa fi àìsàn ìjí rẹ̀ pamọ́. Kí ó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Kí ó wo abẹ́ irin ìdáàbòbò, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ìṣubú máa ń wà. Bí bẹ́líìtì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kí ó wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ sáfù, ìyẹn ọ̀pá irin, ló ń yí i, kí ó béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n: nínú Twin Cam ti Harley-Davidson tó jáde ní 1999, títí di nǹkan bí 2006, ohun oníke tó ń mú ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le a máa jẹ tán, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì béèrè rẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun.

Lórí ìrìn àjò, ohun méjì tí kì í sí nínú ìpolówó ni ooru àti afẹ́fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì tó ya bí lẹ́tà V, sílíńdà ẹ̀yìn wà lábẹ́ itan gan-an, bí ọkọ̀ bá sì tò tí a kò rìn, itan ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti ń pa iṣẹ́ sílíńdà ẹ̀yìn fúnra wọn bí wọ́n bá dúró tí ara wọn gbóná. Ní ti gíláàsì iwájú, kí a yàn án ní gíga tí ojú yóò fi máa wo ọ̀nà láti òkè rẹ̀; ẹni tó bá ń wo ọ̀nà nínú rẹ̀, òjò àti kòkòrò yóò fọ́ ọ lójú lálẹ́. Àṣíborí, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù tó le kò nílò àlàyé, àyàfi pé kí n sọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn náà ní awọ lára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn: pé alùpùpù ńlá òde òní ní ohun tí a fi ń rìn sẹ́yìn, bíréèkì rẹ̀ kì í jẹ́ kí táyà há, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń ṣọ́ gbogbo nǹkan. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bá ni ní oríta.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, Olóòtú. Nígbà mìíràn tí ẹ bá tún kọ̀wé nípa àwọn alùpùpù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ títóbi ẹ́ńjìnnì: ìwúwo rẹ̀, gíga àga rẹ̀, àti ẹrù tí ó lè gbà. Kí ìwúwo náà jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí epo àti ọ́ìlì kún inú rẹ̀, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a máa kọ ìwúwo òfìfo, bẹ́ẹ̀ lítà epo méjìlélógún nìkan wọ̀n tó nǹkan bí 16 kìlógíráàmù. Bí àyè ò bá gbà á, ẹ lè yọ ìlà tó ń sọ̀rọ̀ ohùn ẹ́ńjìnnì kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò gbọ́ ìyẹn fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,
Òǹkàwé yín tó ń gun alùpùpù